SDL2 tí mo fi gbé ètò shader mi kúrò ní Windows bọ́ sí Linux

Mo ní ètò kékeré kan tí mo kọ fúnra mi, o máa kọ kóòdù shader (ètò kékeré tó ń sọ fún káàdì àwòrán bó ṣe máa yàwòrán) lápá òsì, àwòrán ẹ̀ á yọ lápá ọ̀tún lójú ẹsẹ̀. Windows ni mo kọ ọ́ fún, Win32 pọ́ńbélé (àwọn function tí Windows fúnra ẹ̀ fi ń ṣí window) pẹ̀lú OpenGL tó ń yàwòrán. Ìgbà tí mo wá kó lọ sí Linux, Wine, tó ń jẹ́ kí ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ni mo fi ń ṣí i. Kí n má parọ́, Wine gbìyànjú, àti 1993 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣí fáìlì, drive C ayédèrú ni màá kọ́kọ́ bá pàdé, kí n tó wá fólúdà mi lọ sábẹ́ Z. Ó sú mi. Mo ní kí n kúkú sọ ọ́ di ọmọ Linux gidi.

SDL2 ni mo mú, àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ kí ètò kan náà ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Sam Lantinga ló bẹ̀rẹ̀ SDL ní 1998, láti ìgbà tí SDL2 sì ti jáde ní 2013 ni láìsẹ́ǹsì ẹ̀ ti di zlib, o lè fi sínú nǹkan tó o fẹ́ tà, kò síjà. Iṣẹ́ tí mo rán an ò pọ̀: kó ṣí window, kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kíbọọ̀dù àti máòsì, kó gbé OpenGL kalẹ̀. Kóòdù Win32 tó lé ní 300 ìlà ló di bí 40. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, window ti ṣí, dúdú kirikiri. Àwòrán kankan ò yọ o.

Ibi tíyà wà nìyẹn, SDL ò sì lọ́wọ́ ńbẹ̀, èmi ni mo fà á. Fáìlì mi ń jẹ́ Noise.frag, nínú kóòdù mo pè é ní noise.frag. Ọ̀kan náà ni lójú Windows, Linux ní òun ò mọ ẹni tí mò ń pè. Mo tún ìyẹn ṣe, mo yí gbogbo \ sí /, compiler tó ń tú kóòdù shader fún káàdì àwòrán ṣì ní àṣìṣe wà ní ìlà kìíní, ìlà kìíní sì rèé, #version 330 core, kò sí nǹkan míì ńbẹ̀! Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, pàbó. Ọjọ́ kejì ni mo tó fi hexdump, tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tú u wò, ni mo bá rí EF BB BF tó jókòó síwájú ẹ̀, BOM, báìtì mẹ́ta tójú ò rí, tí editor mi ayé Windows ti fi síbẹ̀. Driver káàdì àwòrán tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ń gbójú fò ó ni, ti ibí ò gbà.

Ohun tí SDL2 fi dà mí láàmú ò ju ọ̀kan lọ. Lórí Wayland, tó ń gbé window sójú kọ̀ǹpútà ní Linux, pẹ̀lú nǹkan ojú kọ̀ǹpútà tí mo sọ di ńlá sí 200%, àwòrán mi sá sí kọ̀rọ̀ òsì nísàlẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin window ló gbà. SDL_GetWindowSize kì í ka píksẹ́lì bó o bá ti tan HIGHDPI (ti ojú kọ̀ǹpútà tí píksẹ́lì ẹ̀ pọ̀), ohun tí SDL_GL_GetDrawableSize bá kà ni kó o fún glViewport, tó ń sọ ibi tí àwòrán máa gbà nínú window.

Ẹni tó fẹ́ lọ sí Mac, SDL2 á ṣí window ńbẹ̀ náà, àmọ́ OpenGL wọn ò kọjá 4.1, Apple sì ti kéde láti macOS 10.14 ní 2018 pé kéèyàn má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Compute shader, èyí tó ń fi káàdì àwòrán ṣe ìṣirò, ń fẹ́ 4.3. Ìdí tí mo fi jókòó jẹ́ẹ́ síbi nìyẹn.

4 nínú 5 ni mo fún un. Mo yọ ọ̀kan torí SDL2 ò ní ibi téèyàn ti ń yan fáìlì, SDL3 tó tẹ̀ lé e ti ní tiẹ̀, àmọ́ orúkọ function tí wọ́n yí padà pọ̀, mi ò tíì ráyè. Ní báyìí ṣá, màá fi máòsì wọ́ fáìlì jù sínú window, SDL_DROPFILE á hán an. Wine ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi.