Ọ̀sẹ̀ 22 lẹ́nu ìtọ́jú Lidcombe: ohun tí mo rí lára èmi àti ọmọ mi

Akólòlò ni mí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ mi ọkùnrin lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti dá a mọ̀: á lanu, ohùn ò ní jáde, á dijú, á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ títí "Dádì" á fi bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Àwọn àgbà ilé ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń bọ́ nínú ẹ̀ láìgba ìtọ́jú. Èmi ò bọ́, tiẹ̀ náà sì ti lé lọ́dún kan, la bá gba ilé ìwòsàn lọ n'Íbàdàn. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti gbọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi òun. Kíkólòlò máa ń bá ìdílé rìn.

Sydney, ní Australia, ni wọ́n ti gbé Lidcombe, ìtọ́jú tí wọ́n fún ọmọ mi, kalẹ̀ láwọn ọdún 1980, fún ọmọ tó ń kólòlò tí ò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń rí ìyá tó ń tọ́jú wa nílé ìwòsàn, àmọ́ ọwọ́ òbí niṣẹ́ wà. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, a ó ṣí ìwé àwòrán. Bọ́rọ̀ ẹ̀ ò bá há, màá ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn mà lọ geere o!" Èyí tó há, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni màá mẹ́nu bà á, jẹ́jẹ́. Lálẹ́, màá kọ máàkì ọjọ́ náà, 0 dé 9; 0 ni pé kò kólòlò rárá. 6 la fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, mi ò kọ ju 1 lọ.

Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn: òyìnbó ni wọ́n ní ká fi máa yìn ín níbẹ̀rẹ̀, ọmọ á sì máa wò mí bíi tíṣà. Ìgbà tí mo yí i sí Yorùbá ló tó ń rẹ́rìn-ín. Ó sì nira fún mi gan-an láti jáwọ́ nínú "fara balẹ̀, rọra sọ ọ́," nítorí ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi láti kékeré nìyẹn, tí ọ̀nà ọ̀fun mi á sì túbọ̀ dí.

Lidcombe kì í ṣe fún àgbà. Tèmi, wọ́n ní kí n má sá fún ọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí "Dùgbẹ̀" ti ń há mi lẹ́nu, Ògùnpa ni mo máa ń pè fáwakọ̀, màá wá fẹsẹ̀ rìn padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní "D-d-d-Dùgbẹ̀." Awakọ̀ gba owó ẹ̀, ó gbé mi débẹ̀.