Steelheart tàbí Vicious: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ kà?

Ọdún 2013 ni ìwé méjèèjì jáde, àwọn tó ní agbára àràmàǹdà ló sì kún inú wọn. Ìjọra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìyẹn.

Ìyàlẹ́nu ni Steelheart jẹ́ fún àwa tí Brandon Sanderson ti fi àwọn ìwé ńláńlá bíi Mistborn bọ́ yó. Kò nípọn, eré ló ń sá, àwọn ọ̀dọ́ ló sì kọ ọ́ fún. Ẹni tó bá ti ní agbára níbẹ̀, ìkà ló ń dà. Ọ̀kan nínú wọn sọ Chicago di irin, ó sì ń jọba lé e lórí. David, tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ níṣojú rẹ̀ ní báńkì, fẹ́ gbẹ̀san. Àwọn kan nínú wa ní ìwé náà fúyẹ́ jù, àwọn àfiwé játijàti tí David máa ń ṣe sì ń bí wọn nínú. Èmi ò gbà. Àwọn àfiwé yẹn ló sọ ọmọ náà di ènìyàn lójú mi. Bí wọ́n sì ṣe ń wá ibi àìlera ọ̀tá kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọwọ́ Sanderson gidi nìyẹn.

Vicious ti V. E. Schwab ṣókùnkùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ méjì ní yunifásítì, Victor àti Eli, gbà pé ẹni tó kú tó tún jí lè ní agbára, wọ́n sì dán an wò lára ara wọn. Ọ̀tá ni wọ́n dà.

Àgbà tó fẹ́ràn ìtàn ìkórìíra, kó mú Vicious. Ṣùgbọ́n Steelheart ni mo máa fún ọmọ ọdún 13, kíá.