Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Flu ní Ilé Ìtajà Òògùn Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Mo mú ìyá mi, ẹni ọdún 71, lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára flu ní ilé ìtajà òògùn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí nọ́ọ̀sì tó fa abẹ́rẹ́ náà, ó fi ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ hàn wá lára ìgò, ó sì ní kí n fúnra mi wo ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù nínú fíríìjì: 4 ni mo rí, láàárín 2 sí 8 tó yẹ kó wà.

Nígbà tí Màmá bi í pé kí ló dé tí a fi ń gbà á lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ó di ìkúùkù, ó fi apá rẹ̀ ṣe àpèjúwe ohun bí ẹ̀gún tó yọ lára kòkòrò flu, ìkúùkù náà ni orí ẹ̀gún ọ̀hún, ó ní, “Ẹ wò ó, Màmá, orí yìí ni abẹ́rẹ́ òní ń bá jà, òun náà sì ni kòkòrò flu ń pààrọ̀ ṣáá, débi pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń yan èyí tí wọn yóò fi ṣe é.” Ó wá fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tó dúró fún igi ìdí ẹ̀gún náà, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ó ní ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó ń wá abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo flu dójú sọ. N kò tíì rí olóògùn tó ní sùúrù tó báyìí.

Àmọ́ wọn kò dárúkọ owó títí a fi gbà á tán, bẹ́ńṣì tí wọ́n fún arúgbó jókòó sí kò sì ní ìfẹ̀yìntì.