Grenoble fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbé nítòsí òkè: ìlú náà dáa, ẹ yẹ ògiri wò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Ìlà kan péré ló mú mi jókòó kọ èyí. Ó wà nínú ìwé tí iléeṣẹ́ alágbàtà ilé fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí mo kó jáde: “Kíkun ògiri, 480 yúrò. Ayálégbé kì í ṣí fèrèsé.” Yàrá 19 m² ni, ní Fontaine, ìlú kékeré tó so mọ́ Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, lábẹ́ òkè Vercors gan-an. Inú ṣì ń bí mi, torí ẹjọ́ ògiri tó bu yẹn kì í ṣe ti ayálégbé rárá. Ẹni tó fi ọ̀dà dí ihò afẹ́fẹ́ ló ni ín, òkè sì pín nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò gbé láàárín òkè rí kò lè tètè mọ̀ ọ́n. Grenoble kì í ṣe ìlú orí òkè, ìsàlẹ̀ òkè ló wà. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nǹkan bíi 212 mítà ló fi ga ju òkun lọ. Chartreuse wà níhà àríwá, Belledonne wà níhà ìlà-oòrùn, Vercors sì wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Nígbà ooru, oòrùn máa ń ga débi pé òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i. Tó bá di Oṣù Kejìlá, oòrùn á rẹlẹ̀, àdúgbò tó wà lẹ́sẹ̀ Vercors á sì bọ́ sínú òjìji nígbà tí ọ̀sán ò tíì lọ tán. Yàrá tí ẹ yẹ̀ wò ní Oṣù Keje tí oòrùn kún inú rẹ̀ lè má rí oòrùn rárá nígbà òtútù, pàápàá tí fèrèsé rẹ̀ bá kọjú sí àríwá. Ògiri ibẹ̀ á tutù ṣáá. Èémí, ooru ìkòkò àti aṣọ tútù tí a sá sínú ilé, gbogbo omi inú wọn á lọ bà lé ògiri tútù yẹn, lẹ́yìn wọ́dúróòbù tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Ibẹ̀ ló ti máa ń bu, tí á dúdú. Kí èèyàn ṣí fèrèsé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ dáa, àmọ́ tí ihò afẹ́fẹ́ inú balùwẹ̀ kò bá fa afẹ́fẹ́ jáde, fèrèsé nìkan ò lè ṣe é.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá yẹ ilé wò kí n tó kó jáde, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni wọ́n rán wá, ó mú táblẹ́ẹ̀tì àti tọ́ọ̀ṣì dání. Kò rí mi fín o; Madame ló ń pè mí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fa wọ́dúróòbù síwájú díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ara ògiri, ó wo àtàǹpàkò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ táblẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wá wo ihò afẹ́fẹ́. Mo já tíṣù kan, ẹyọ kan ṣoṣo, mo gbé e lé ojú ihò náà níwájú rẹ̀. Ihò tó bá ń ṣiṣẹ́ á fa tíṣù mọ́ra, kò ní já bọ́. Èyí já bọ́ sílẹ̀. Mo tún gbé e lé e, ó tún já bọ́. Àlàfo méjì péré ni ọ̀dà ò tíì dí lójú ihò yẹn, ọ̀dà funfun kan náà tí wọ́n fi kun àjà kí n tó wọlé. Ó ní, “Èyí ò sí lára ohun tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Nísàlẹ̀ état des lieux, ìwé tí wọ́n ń kọ bí ilé ṣe rí sí nígbà tí ayálégbé bá wọlé àti nígbà tó bá kó jáde, àyè wà fún ọ̀rọ̀ ayálégbé. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí kí n tó fọwọ́ sí i, mo sì ya fọ́tò ojú ìwé náà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i ná, àwọn á ṣàtúnṣe tó bá yá, ẹ má gbà.

Òfin ilé yíyá ilẹ̀ Faransé, ti ọjọ́ 6 Oṣù Keje 1989, ló gba 480 yúrò yẹn padà fún mi. Lẹ́yìn tí èèyàn bá wọlé, ó ní ọjọ́ 10 láti ní kí wọ́n ṣàtúnṣe état des lieux, ó sì tún ní oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúlémóoru láti fi bí ẹ̀rọ náà ṣe rí kún un. Tí ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí bu, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà recommandé tí wọ́n á fọwọ́ sí pé àwọn gbà á. Ìpè orí fóònù ò já mọ́ nǹkan kan. Owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà tí ẹ wọlé, gbọ́dọ̀ padà láàárín oṣù kan tí àyẹ̀wò ìkẹyìn bá bá ti àkọ́kọ́ mu, oṣù méjì tí kò bá bá a mu. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé oṣù kan kún un fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Wọn ò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín fún àyẹ̀wò ìkẹyìn fúnra rẹ̀.

ADIL ló ṣàlàyé èyí fún mi, ọ́fíìsì tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan ló jókòó síbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan títí ó fi ka gbogbo ìwé mi tán, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó fi bírò yí ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa ihò afẹ́fẹ́ po, ó ní kí lẹ́tà mi bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. 480 yúrò náà padà láìdín kan. Owó ìjáfara tó yẹ kó bá a wá ni wọn ò mẹ́nu bà.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi! Ọ̀nà tráàmù márùn-ún ló wà, A títí dé E. Torí pé ilẹ̀ tẹ́, kẹ̀kẹ́ ofeefee tí wọ́n ń yáni á gbé yín débi gbogbo, ẹ ò nílò mọ́tò. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù máa ń rì sísàlẹ̀, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á bò ó lórí bí ọmọrí ìkòkò, èéfín igi àti ti mọ́tò ò ní rọ́nà jáde. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Àmọ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chamrousse, ibùdó síkì (eré yíyọ̀ lórí yìnyín), nǹkan bí 30 kìlómítà, ní 1,650 mítà: oòrùn ń ràn yòò, kùrukùru sì tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sáré síkì orí òkè nígbà Òlíḿpíìkì 1968. Kí ẹ tó kúrò lójú ọ̀nà síkì tí wọ́n ń tọ́jú, ẹ ka ìkìlọ̀ Météo-France, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Faransé, nípa yìnyín tó lè ya lulẹ̀. Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń kà á. Tó bá ti di 3, ewu ti pọ̀ gan-an fún ẹni tí kò ní ìmọ̀. Àwọn tó ń yọni nínú ewu lórí òkè kì í gbowó, àmọ́ lójú ọ̀nà síkì, ẹ máa sanwó, torí náà ẹ ra ìnṣọ́ránsì.

Ta ló wá bá mu? Akẹ́kọ̀ọ́, torí wọ́n tó 60,000 níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tàbí físíìsì náà, nítorí àwọn ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì CEA àti ESRF, àti àwọn iléeṣẹ́ STMicroelectronics àti Schneider Electric. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ wọ̀nyẹn, iṣẹ́ ò pọ̀ tó ti ìlú Lyon, tí rélùwéè ń dé ní bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ooru Oṣù Keje máa ń mú kọjá ààlà nítorí òkè tó sé e mọ́.

Kí ẹ tó gba ilé, ẹ gba ìwé Visale lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá wà láàárín ọdún 18 sí 30. Ó ń dúró fún yín gẹ́gẹ́ bí onídùúró, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn. Ẹ wo lẹ́tà DPE lára ìpolówó, láti A dé G, tó ń sọ bí iná tí ilé ń jẹ ṣe pọ̀ tó: láti January 2025, wọn ò gbọdọ̀ fi ilé G ṣe àdéhùn tuntun. Ẹ lo kọ́ńpáàsì fóònù lójú fèrèsé, ẹ bi ará ilé kejì ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ lóṣù Kejìlá, ẹ fa wọ́dúróòbù, ẹ fi tíṣù dán ihò afẹ́fẹ́ wò.

Alágbàtà: 1 nínú 5. Grenoble: 5 nínú 5. Yàrá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wà ní La Tronche, lẹ́sẹ̀ Chartreuse, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gúúsù, tíṣù sì lẹ̀ mọ́ ihò.