Òjò London: bọ́ọ̀sì tí ò lórùlé àbí mùsíọ́mù?

Àǹtí mi tó ń tajà l'Ọjà Ọba, Òṣogbo ńbí, fẹ́ lọ kí ọmọ ẹ̀ ní London, wọ́n ní tójò bá ká àwọn mọ́ ìgboro ńkọ́. Ẹ gbọ́, òjò ibẹ̀ ò dà bíi tiwa o, tiwa á rọ̀ yàà á dá, tiwọn lè máa ṣẹ́ wínníwínní látàárọ̀ dalẹ́.

Bọ́ọ̀sì alájà méjì tí wọn ò bo òkè ẹ̀ yẹn, lóòótọ́ ẹ máa rí Big Ben àti odò Thames láì fẹsẹ̀ rìn, èmi náà wọ̀ ọ́, àmọ́ bójò ṣe dé báyìí gbogbo wa sá wá sísàlẹ̀, èémí wa bo gíláàsì, mi ò rí nǹkan kan mọ́, wọn ò sì dá owó padà. Ó dùn mí gan-an.

British Museum ní tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni mo ti rí ère orí Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kún ojú ẹ̀ látòkè délẹ̀, mo dúró tì í títí aṣọ mi fi gbẹ (ó ká mi lára o, Ifẹ̀ tí ò jìnnà sílé wa!). Àǹtí mi, mùsíọ́mù ni kẹ́ ẹ lọ, tóòrùn bá yọ lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì.