Aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun ní Manchester: ó dùn, àmọ́ ẹ bèèrè owó ọkọ̀

Yunifásítì tí mo ti ń ka másítà ní Manchester ló fi mí ṣe aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkè òkun wá. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni o. Oúnjẹ ọ̀sán àti ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń fún wa. Ẹ wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀, òtútù ibí ò mọ aṣojú.

Kíkí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàbọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú lóṣù Kẹsàn-án ni mo gbádùn jù. Ọmọkùnrin ará Ìbàdàn kan dé, gàrí ti dà sára gbogbo aṣọ inú àpótí rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà" lẹ́nu mi, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó tì í títí ó fi rí eVisa rẹ̀, ìyẹn físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù.

Ọ́fíìsì tó ń darí wa ló ń bí mi nínú: alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń yí àkókò iṣẹ́ wa padà. Ẹ tún ṣọ́ físà yín. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ la lè fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó bá sì ní àdéhùn bí iṣẹ́ olówó wà nínú kíkà náà.

Mo fún iṣẹ́ aṣojú yìí ní máàkì 4 nínú 5. Tí wọ́n bá ń san owó ọkọ̀ ni, 5 ni ǹ bá fún un.