Ẹ ṣọ́ra fún «wáyà tí eku kì í jẹ»: ike ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe irin

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ gbé áńtẹ́nà rédíò sórí òrùlé tàbí sórí òpó, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí ẹ ń fi rédíò pe ara yín lóru: oníṣòwò kan ń ta wáyà áńtẹ́nà kiri, ó ní irin wà lábẹ́ awọ rẹ̀, pé eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè jẹ ẹ́. Owó gọbọi ló ń gbà. Ẹ má rà á.

A ra lára rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wa. Ọ̀kẹ́rẹ́ orí igi máńgòrò ló jẹ ẹ́ létí òrùlé. Nígbà tí mo là á, ohun tó ń dán lábẹ́ awọ dúdú yẹn, ike tí wọ́n kùn ní àwọ̀ fàdákà ni. Àwọ̀n tó yẹ kó wé mọ́ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ṣí gbayawu débi pé funfun inú ń hàn síta. Wọ́n kọ RG-213, orúkọ irú wáyà áńtẹ́nà kan, sí i lára. RG-213 gidi, okùn bàbà 7 ni wọ́n lọ́ pọ̀ sí àárín rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ló wà nínú èyí, mo sì fi ọ̀bẹ fá a, álúmíníọ̀mù ló yọ lábẹ́ bàbà fẹ́lẹ́.

Ibi tó burú sí nìyí. Ihò tí eyín dá lè kéré gan-an, àmọ́ omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, á máa rìn nínú àwọ̀n náà lábẹ́ awọ, títí tí bàbà á fi dúdú. Ohùn á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mítà SWR, èyí tó ń wọn agbára tó ń ti áńtẹ́nà padà wá, pàápàá lè tan yín: wáyà tó ti mumi máa ń gbé agbára rédíò mì lójú ọ̀nà, mítà á sì máa fi hàn bíi pé kò sí nǹkan. Ẹni tí kò mọ̀ á ní rédíò ló bàjẹ́, á lọ ra òmíràn. Ẹ̀ṣọ́ tó ń pe ẹnìkejì lóru tí onítọ̀hún ò gbọ́, ewu ńlá ni.

Oníṣòwò náà tún ń ta òróró ata mọ́ ọn, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó sọ pé etí eku nìkan ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀, pé ó ń lé eku. Lóòótọ́ ata ń ta eku, ṣùgbọ́n òjò á fọ̀ ọ́ lọ, kì í sì í ta ẹyẹ rárá. Ní ti ẹ̀rọ, ní 2001 ni FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí iléeṣẹ́ àti ọlọ́jà tó lé ní 60 lórí irú rẹ̀. Eyín iwájú eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ kì í dẹ́kun dídàgbà, ebi ì báà pa wọ́n tàbí kó má pa wọ́n, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má rẹ́ nǹkan jẹ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gé orí wáyà níwájú yín. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà àtijọ́ dání: irin lásán á lẹ̀ mọ́ ọn. Irin tí kì í dógùn-ún lè má lẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ike á gé wẹ́rẹ́. (Tí àárín wáyà díìsì, RG-6, bá lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe èrú, irin tí wọ́n fi bàbà bò ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀.)

Ohun tó ń gbà wáyà là ni páìpù onírin, láti ẹsẹ̀ òpó títí dé ibi tó ti wọlé. Òkété lè jẹ páìpù ike tẹ́ẹ́rẹ́, ikán náà lè jẹ awọ wáyà tí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ lásán. Ẹ fi irun irin dí ẹnu páìpù, ẹ gé ẹ̀ka igi tó kan òrùlé, kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ògiri, kí omi lè kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo dá a padà, ọlọ́jà náà ní ọjà tí wọ́n ti gé kì í padà. Ẹ má gbà fún un. Tó bá ti tà á fún yín, ẹ tọ́jú risíìtì, ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára wáyà, ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀ dání, kí ẹ sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà.